Irú ìlẹ̀kùn wo ni ó yẹ wọ́dúróòbù inú páséèjì tóóró?

Ọmọ Òkè-Ìlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ pákó. Ilé bàbá wa ní Adó-Èkìtì ni à ń tún ṣe, kí màmá wa lè sọ̀kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá máa gbé ìsàlẹ̀, nítorí pé orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Yàrá tí a yàn fún wọn wà ní ìparí páséèjì, balùwẹ̀ sì wà ní àárín páséèjì kan náà, nítorí náà wọn yóò máa gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Páséèjì yìí kò fẹ̀ ju íǹṣì 40 lọ láti ara ògiri kan dé ara ìkejì, inú ògiri ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ni bàbá wa ti ní kí àwọn bíríkìlà fi àyè wọ́dúróòbù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà. Àyè náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó sì jìn ní íǹṣì 23. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kọ́tìnì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Káfíńtà tí ó kọ́kọ́ wá wò ó sọ pé ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì, èyí tí a óò máa fà ṣí síta, ni òun yóò fi sí i. Kí n tó fún un lówó, mo gé páálí fíríìjì sí ìwọ̀n awẹ́ kan, mo gbé e dúró bí ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, mo sì rí i pé èmi fúnra mi kò lè kọjá, áḿbọ̀sì màmá tí wọ́n ń fi férémù rìn. Àwọn kan ní kí n ṣe síláìdìn, èyí tí awẹ́ rẹ̀ ń rọ́ kọjá lára ara wọn lójú irin, àwọn mìíràn ní èyí tí ń ṣẹ́ po ni kí n ṣe. Súwíìṣì iná wà ní íǹṣì 4 sí etí òsì àyè náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 18 sí etí ọ̀tún rẹ̀. Ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ kọjú sí i gan-an, ṣùgbọ́n inú balùwẹ̀ ni ó ń ṣí sí. Ohun tí a fẹ́ kó síbẹ̀ ni aṣọ òkè, léèsì, agbádá bàbá wa tí màmá kò jẹ́ kí a fi tọrẹ, bíláńkẹ́ẹ̀tì, àti àpótí aṣọ ńlá méjì. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Káfíńtà Ìkéré

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìwọ̀n sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í béèrè irú ìlẹ̀kùn tí ó dára láìsọ bí ibi tí wọ́n fẹ́ fi sí ṣe tó. Páálí tí ẹ gé yẹn tọ̀nà púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo máa ń ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó gé pákó kankan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ íǹṣì 60, nítorí náà awẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aláwẹ́ méjì yóò jẹ́ íǹṣì 30. Ẹ yọ 30 nínú 40, íǹṣì 10 ni ó kù, kò sì sí àgbàlagbà tí yóò gba inú íǹṣì 10 kọjá láìfi ìhà gba ògiri. Ẹ tún wo ẹni tí ń ṣí ìlẹ̀kùn náà: ó ní láti fà sẹ́yìn tàbí kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí awẹ́ náà tó lè kọjá níwájú àyà rẹ̀, nínú páséèjì yín, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti kan ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ kí ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù tó ṣí dé ìdajì. Ká ní ògiri gbalasa ni ó wà ní ọ̀tún àti òsì ni, à bá lo híńjì tí í jẹ́ kí awẹ́ yí padà pátápátá kí ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ṣàlàyé yìí, awẹ́ ọ̀tún yóò bo ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ, awẹ́ òsì yóò sì bo súwíìṣì iná.

Ìlẹ̀kùn ìṣẹ́po jẹ́ awẹ́ mẹ́rin, íǹṣì 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a so ní méjì méjì. Bí ẹ bá ṣí i tán, awẹ́ méjì yóò ká lé ara wọn ní apá kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì yọ síta ní nǹkan bí íǹṣì 15, èyí tí yóò fi 25 sílẹ̀ nínú páséèjì. Ire rẹ̀ ni pé gbogbo inú wọ́dúróòbù ni ẹ óò rí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì lè fa àpótí ńlá jáde láìsí wàhálà. Ibi rẹ̀ ni pé ohun tí ń yí nínú rẹ̀ pọ̀: ó ní eyín lókè, ó ní eyín nísàlẹ̀, ó ní híńjì láàárín, bí ọmọ kan bá sì dirọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yọ kúrò lójú irin nìyẹn.

Síláìdìn kò yọ síta rárá. Ìdajì àyè ni ẹ óò máa rí lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó sì ń bí àwọn ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà tí a fi ń tún un ṣe. Èmi a mú síláìdìn. Ọ̀rọ̀ jíjìn íǹṣì 23 yẹn ni mo fẹ́ padà wá bá yín sọ, mo fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ tiwọn.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ibi tí káfíńtà wa bá ọ̀rọ̀ dé dára, mo kàn fẹ́ kí a fi ara ènìyàn kún ìṣirò náà. Férémù tí àwọn àgbà fi ń rìn sábà máa ń fẹ̀ ní íǹṣì 24 sí 26, ọwọ́ tí ó dì í mú sì tún máa ń yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìlẹ̀kùn ìṣẹ́po bá fi íǹṣì 25 sílẹ̀, férémù yóò há síbẹ̀ tàbí kí ó kọ́ ìlẹ̀kùn náà. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ara té férémù kò lè yára tú u sílẹ̀ bí ó bá há. Àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ṣubú ní páséèjì, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe pé wọ́n ń ṣí ìlẹ̀kùn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ni ó ṣí i sílẹ̀ lálẹ́ tí kò pa á dé, iná lọ, wọ́n sì jí lóru láti lọ ṣe ìtura. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìlẹ̀kùn tí kò ní yọ síta yálà ó ṣí tàbí ó pa dé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí irin ìsàlẹ̀ síláìdìn ga ju ilẹ̀ lọ. Ìdajì íǹṣì péré tó láti fi ẹsẹ̀ kọ́. Ìmú ìlẹ̀kùn náà, ẹ jẹ́ kí ó gùn kí ìka mẹ́rin lè wọ inú rẹ̀ pa pọ̀, nítorí ìka tí oríkèé ń ro kò lè fa òrùka kékeré tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀. Ẹ sì kó ohun tí màmá ń lò lójoojúmọ́ sí àárín ìbàdí àti èjìká wọn, kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n máa nà lẹ́bàá férémù.

Ará Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, kí ni kọ́tìnì ṣe yín? Kọ́tìnì kò yọ síta, kò ní irin nísàlẹ̀, kò ní híńjì, gbogbo wọ́dúróòbù ni ẹ óò rí bí ẹ bá fà á, bí ó bá sì dọ̀tí ẹ ó fọ̀ ọ́. Ẹ ra aṣọ tí ó nípọn, kí ẹ fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kún fífẹ̀ rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rán an kí ó má ṣe wọ́ nílẹ̀, kí ẹ fi owó tí ó kù ra gààrí.

Ìyá Ẹfọ̀n

Kọ́tìnì kò ṣe mí ní nǹkan kan, eku ni ó ṣe mí. Aṣọ òkè méjì ni eku jẹ fún mi lẹ́yìn kọ́tìnì ní ọdún tí mo ṣe àádọ́ta ọdún, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ sányán tí n kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlẹ̀kùn sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹfọ̀n Aláayè wà láàárín òkè, òtútù àti ìkúukùu ibẹ̀ pọ̀ ju ti Adó lọ, nítorí náà ohun tí mo bá rí níbí lè le díẹ̀ ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ níbi gbogbo ní Èkìtì. Bí a bá fi pákó dídí bo wọ́dúróòbù tí ó wà nínú ògiri búlọ́ọ̀kù, tí ẹ̀yìn ògiri náà sì jẹ́ ìta tí òjò ń nà, ọ̀rinrin yóò wà nínú rẹ̀ láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, funfun yóò sì hù sára bàtà àti báàgì aláwọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn náà lásìkò òjò. Bí ó bá tutù tí ó sì rin, ẹ tọ́jú ògiri kí ẹ tó ronú ìlẹ̀kùn.

Ìlẹ̀kùn tí ó ní lúfà ni mo fi sí tèmi, afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa, òórùn ti kúrò lára aṣọ mi. Èmi kò ní tàn yín o: bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa máa ń jókòó sórí ewé lúfà kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin mi sì gbọ́dọ̀ máa nu ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá tún un ṣe, lúfà díẹ̀ lókè àti díẹ̀ nísàlẹ̀ ni n ó ní kí wọ́n fi sí i, kí àárín rẹ̀ jẹ́ pákó lásán.

Ayàwòrán-Ilé Ìyìn

Mo fẹ́ dáhùn ṣáájú kí ẹnì kan tó mú irú ìlẹ̀kùn méjì kan wá tí gbogbo ènìyàn ń rí nínú àwòrán ilé òyìnbó. Ìkíní ni èyí tí ń rọ́ wọ inú ògiri. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, igi àti pákó pélébé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ògiri inú ilé, ihò sì wà láàárín rẹ̀ tí ìlẹ̀kùn lè wọ̀. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 tàbí íǹṣì 6 ni tiwa, ẹni tí ó bá sì ní kí wọ́n la búlọ́ọ̀kù kí ìlẹ̀kùn lè wọ inú rẹ̀ ń gé ògiri tí ó ṣeé ṣe kí ó gbé dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dání. Ẹ má ṣe dán an wò ní ilé alájà. Ìkejì ni èyí tí a gbé kọ́ sí iwájú ògiri tí ó ń fò kọjá lórí irin gbọọrọ. Ó nílò ògiri òfìfo tí ó fẹ̀ tó ìlẹ̀kùn náà ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yin sì ní íǹṣì 18 péré ní ọ̀tún, súwíìṣì sì wà ní òsì. Ó tún ń gba íǹṣì méjì sí mẹ́ta nínú fífẹ̀ páséèjì, èyí tí ẹ kò ní láti fi ṣòfò.

Ẹ wọn àyè náà ní ibi mẹ́ta sókè, ibi mẹ́ta síbùú, kí ẹ sì fún káfíńtà ní èyí tí ó kéré jù. Ilé àtijọ́ kì í sábà gún régé.

Ọmọ Òkè-Ìlá

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé ọkàn mi ti ń fà sí síláìdìn. Ìbéèrè méjì ni ó kù. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Káfíńtà Ìkéré fẹ́ sọ nípa jíjìn. Ìkejì, àbúrò bàbá wa kan ní pákó ìlẹ̀kùn méjì tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ó sì ní kí n fi wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù náà kí ohun ìbílẹ̀ lè wà nílé. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọmọ Ìsẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ yìí, nítorí pé ìlú wa kò ṣàjèjì sí i. Ẹ̀yin náà mọ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹfọ̀n Aláayè tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀ lábẹ́ Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Òun ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkéré, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, tí ó sì ti wà ní British Museum láti ìgbà náà. Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé àwọn ère náà kì í ṣe ojú pákó lásán ni wọ́n wà, wọ́n yọ síta gan-an, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ààfin tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè jìnnà sí i kí ó tó wò ó.

Nínú síláìdìn, awẹ́ iwájú àti awẹ́ ẹ̀yìn ń kọjá lára ara wọn, àlàfo àárín wọn kò sì ju ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ nígbà mìíràn. Bí ère bá wà lójú awẹ́ ẹ̀yìn, yóò ha ẹ̀yìn awẹ́ iwájú títí tí imú yóò fi gé lára ère náà. Awẹ́ iwájú nìkan ni ó lè ní ère, níbẹ̀ náà, ère tí ó bá yọ síta yóò máa fa aṣọ ya, yóò sì máa gbá ìgúnpá nínú íǹṣì 40 yín. Ẹ gbé pákó àbúrò bàbá yín kọ́ sí ògiri pálọ̀, níbi tí ojú yóò ti rí i. Bí ẹ bá fẹ́ ọnà lára ìlẹ̀kùn dandan, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ fín in sínú, kí ó má ṣe yọ síta.

Káfíńtà Ìkéré

Mo ti dé. Ọmọ Ìsẹ̀ ti gba ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Jíjìn íǹṣì 23 ni ohun tí a ní. Ojú irin síláìdìn aláwẹ́ méjì, pẹ̀lú sísanra pákó méjèèjì àti àlàfo wọn, yóò gba nǹkan bí íǹṣì 3 àti ààbọ̀. Ó ku íǹṣì 19 àti ààbọ̀. Háńgà ẹ̀wù sábà máa ń gùn ní íǹṣì 17 tàbí 18, apá ẹ̀wù sì tún máa ń yọ kọjá rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá kó kóòtù àti ẹ̀wù sórí háńgà níbẹ̀, apá wọn yóò máa ha ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ìdí tí àwọn òyìnbó fi ń sọ pé wọ́dúróòbù gbọ́dọ̀ jìn tó íǹṣì 24 nìyẹn, nítorí pé kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ aṣọ wọn. Ta ni í kọ́ agbádá sórí háńgà? Aṣọ òkè, léèsì, ìró àti gèlè, kíká ni à ń ká wọn, pẹpẹ tí ó jìn ní íǹṣì 16 sì tó wọn láìsí ìlọ́. Ẹ fi pẹpẹ ṣe gbogbo inú rẹ̀, kí ẹ wá fi irin kúkurú kan sí apá kan tí yóò gùn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí ẹ̀wù díẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ wà lórí háńgà lè kọjú sí yín.

Ọgbọ́n tí mo sọ pé a fi ń tún síláìdìn ṣe nìyí. Ẹ gbé pákó kan dúró ní àárín gbùngbùn wọ́dúróòbù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó pín in sí méjì ọgbọọgba. Ẹ gé awẹ́ ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì 30 àti ààbọ̀ kí wọ́n lè gun ara wọn ní íǹṣì kan láàárín, ibi tí wọ́n sì ti gun ara wọn yóò bọ́ sí iwájú pákó àárín náà gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ti fa awẹ́ kan, odindi apá kan ni ó ṣí sílẹ̀ fún yín, kò sí pẹpẹ tí ìdajì rẹ̀ farapamọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀ sí àárín gangan, tí kò sì sí bí a ṣe fẹ́ fa ìlẹ̀kùn sí tí dúrọ́ọ̀ náà yóò fi lè jáde. Àwọn onílé náà kò lò ó títí di òní. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dúrọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kí ó kéré sí íǹṣì 28 kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí pákó àárín.

Nípa igi, ẹ má ṣe fi odindi pákó ìrókò ṣe awẹ́ síláìdìn. Ìrókò kò bẹ̀rù ikán, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó wúwo, gbogbo ìwúwo yẹn ni táyà kékeré méjì tí awẹ́ fi ń yí lójú irin yóò máa gbé lójoojúmọ́. Odindi pákó tún máa ń fẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọyẹ́, ní fífẹ̀ rẹ̀ ni o, kì í ṣe ní gígùn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi igi ọmọ̀ ṣe férémù, nítorí pé ó fúyẹ́ kì í sì í fẹ́ ká, kí n wá fi plywood tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀. Arère pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, bí ẹ bá lò ó ẹ gbọ́dọ̀ fi oògùn kùn ún. Igi yòówù kí ẹ rà, ẹ gbé e sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí a tó rándà rẹ̀, kí ó lè bá afẹ́fẹ́ ilé mu.

MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlùù tẹ̀ pọ̀, náà ṣeé lò, ojú rẹ̀ dán, kì í sì í ká bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ bá gba ọ̀dà bákan náà, ṣùgbọ́n awẹ́ kan tí ó nípọn ní mílímítà 18 ní ìwọ̀n tí ẹ sọ yìí yóò wúwo ju kìlógíráàmù 20 lọ díẹ̀, bí omi bá sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú bí búrẹ́dì inú tíì. Balùwẹ̀ kọjú sí i. Ẹ má ṣe gbàgbé ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń nu ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí òkè gbé ìlẹ̀kùn náà. Irin tí a gbé kọ́ sókè, tí táyà ń yí nínú rẹ̀, ni kí ó ru gbogbo ẹrù, kí ìsàlẹ̀ ní èèkàn kékeré kan péré ní àárín tí kò ní jẹ́ kí ìlẹ̀kùn máa fì. Báyìí, kò sí irin nílẹ̀ tí yóò kọ́ férémù màmá, kò sì sí ojú irin tí iyanrìn yóò dí. Ẹ kan igi líle mọ́ lẹ́ńtù ní òkè àyè náà kí ẹ tó fi irin síbẹ̀, nítorí pé sílíǹgì lásán kò lè gbé e.

Ará Ọ̀tún

Ẹ gbọ́ ti káfíńtà yìí lórí ìwúwo. Mo ra síláìdìn tí wọ́n ti ṣe tán ní ìsọ̀ kan, ó ní díńgí lójú awẹ́ méjèèjì, olùtajà sì búra fún mi pé táyà rẹ̀ le bí òkúta. Kò pé oṣù márùn-ún tí rọ́bà táyà fi fọ́, ìlẹ̀kùn jókòó sílẹ̀, a sì ń fi èjìká tì í kí ó tó rìn. Ìgbà tí mo pe ẹlòmíràn wá ni ó sọ fún mi pé táyà oníbíárìn ni ó yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè iye kìlógíráàmù tí táyà lè gbé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ju ìwúwo ìlẹ̀kùn yín lọ dáadáa.

Irin náà kò tún tẹ́jú. Bí mo bá pa ìlẹ̀kùn dé tí mo yí ẹ̀yìn padà, ó ń ṣí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyàwó mi sì rò pé iwin ni. Rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn títẹ́jú ni a fi tún un ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ó gbà.

Ọmọ Ìjerò

Kò sẹ́ni tí ó ti yìn díńgí. Páséèjì tí kò ní fèrèsé máa ń dà bí ẹni pé ó fẹ̀ sí i tí díńgí bá wà níbẹ̀, ó sì máa ń dá ìmọ́lẹ̀ iná padà. Ẹ lè fi sí awẹ́ iwájú nìkan.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Fún ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́, ó dára. Fún àgbà tí ojú ti ń di bàìbàì, díńgí tí ó kan ilẹ̀ lè dà bí ẹnu ọ̀nà tàbí bí ẹni tí ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, pàápàá lóru. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí lọ sókè, kí ẹ sì lẹ rọ́bà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà tú ká bí ó bá fọ́.

Káfíńtà Ìkéré

Ẹ tún rántí ìwúwo rẹ̀. Díńgí mílímítà 4 jẹ́ kìlógíráàmù 10 ní mítà kan níbùú lóròó. Bí ó bá bo odindi awẹ́ yín, nǹkan bí kìlógíráàmù 16 ni ẹ fi kún un yẹn.

Ọmọ Òkè-Ìlá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí fún ẹnì kan nínú yín níkọ̀kọ̀ pé n ó padà wá ròyìn, ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí.

Síláìdìn aláwẹ́ méjì ni a ṣe, férémù ọmọ̀ pẹ̀lú plywood, irin rẹ̀ wà lókè. Ìgbà tí a wọn àyè náà ní ibi mẹ́ta bí Ayàwòrán-Ilé ṣe wí, a rí i pé ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ ní ohun tí ó lé ní ìdajì íǹṣì, káfíńtà sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀. A fi ọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó gbẹ. A fi lúfà íǹṣì mẹ́fà sí òkè àti ìsàlẹ̀ awẹ́ kọ̀ọ̀kan fún afẹ́fẹ́, ti awẹ́ ẹ̀yìn wọnú díẹ̀ kí ewé rẹ̀ má ṣe ha awẹ́ iwájú. Díńgí kò sí. Pákó àbúrò bàbá wa wà ní pálọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé gbogbo àlejò ni ó ń béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Àpótí aṣọ ńlá méjèèjì ni ó fún wa ní wàhálà. A kò lè tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú íǹṣì 19, nítorí náà a gbé wọn dúró ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀, a sì gbé pẹpẹ àkọ́kọ́ sókè kúrò lórí wọn. Màmá ń lo apá òsì, aṣọ wọn wà láàárín ìbàdí àti èjìká, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan fa ìlẹ̀kùn náà nígbà tí ọwọ́ kejì wà lórí férémù. Wọ́n ní ìmú tí a gbẹ́ sínú náà dára, ṣùgbọ́n káfíńtà fi sí ibi tí ó ga ní íǹṣì 42, ó sì ga díẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú lórí férémù. Ọ̀la ni yóò wá gbẹ́ òmíràn sí íǹṣì 36, a óò sì fi àtíkè igi dí ti tẹ́lẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ìlẹ̀kùn kí eruku má baà wọlé ni mo ṣì ń wá kí ọyẹ́ tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i ní Adó tàbí ní Ìkéré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi. Ẹsẹ̀ bàtà 14 ni mo nílò.